Abẹ́rẹ́ Tẹ̀lémi

Ọjọ́ Ajé ni ajá kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ olówó rẹ̀ gba ìsàlẹ̀ títì wọ àdúgbò náà. Itọ́ funfun ń ho lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń rìn sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀mùtí tó ń wá ọ̀nà ilé. Kí àwọn èèyàn tó ráyè sá wọlé, ó ti bu káfíńtà jẹ lẹ́yìn ojúgun, ó ti bá ajá méjì jà lẹ́bàá gọ́tà, ó sì ṣubú síwájú ilé oníbúrẹ́dì, ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: dìgbòlugi.

Orí ló yọ káfíńtà. Ó ti gbọ́ ọ rí lórí rédíò pé ọṣẹ àti omi ni kéèyàn kọ́kọ́ sáré sí, nítorí náà ó jókòó ti ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ojú ọgbẹ́ náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú tipiri, kó tó gba ọsibítù lọ. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì ti bo àdúgbò. Àwọn ìyá ò jẹ́ kí ọmọ wọn jáde mọ́, bí ajá bá sì húkọ́, gbogbo èèyàn a yíjú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Alága àdúgbò pe ìpàdé. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni Alága. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, àfi pé ó fẹ́ràn òfin bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí, ó dúró gbọin bí ẹni tó ṣì wọ aṣọ ìjọba. "Ajá tí ò bá ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára títí di agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá kó o. Èyí tí wọ́n bá sì kó, kò ní padà mọ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi ti fọn fèrè tèmi."

Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn gbọ́ fèrè náà dáadáa. Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé yàrá iwájú ilé rẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kì í ké kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀ láti òwúrọ̀. Ajá kan ṣoṣo ló wà nílé rẹ̀. Tẹ̀lémi ni wọ́n ń pè é.

Ká sọ tòótọ́, Tẹ̀lémi kì í ṣe ajá rẹ̀. Ajá bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń ti ilé dé ilé fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́, títí orúkọ fi di Nọ́ọ̀sì Àgbà mọ́ ọn lára. Nígbà tó fẹ̀yìn tì ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ férémù ilẹ̀kùn: láti ìta, o ò ní mọ̀, àfìgbà tó o bá fọwọ́ tì í. Ó ń wá ìyàwó rẹ̀ tó ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ń fi bàtà sínú fíríìjì. Èyí tó le jù ni pé ó máa ń jáde, kò sì ní mọ ọ̀nà àbọ̀.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, wọ́n wá a láti àárọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Aránṣọ ti ń sunkún lójú títì, ó rí Bàbá tó ń bọ̀ lókèèrè, ẹrẹ̀ dé orúnkún, ọmọ ajá kan tó rí játijàti sì di etí ṣòkòtò rẹ̀ mú lẹ́nu, ó ń fà á bọ̀ wálé. Bí wọ́n ṣe mọ ibi tí ilé wà kò yé ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, ibi tí Bàbá bá fẹsẹ̀ tẹ̀, Tẹ̀lémi á tẹ̀ ẹ́, bó bá sì ti rìn jù, ajá náà á yíjú rẹ̀ sílé. Torí ajá yìí ni Aránṣọ ṣe lè jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ kó rán aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ àjàgbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù ló máa ń lò lójú ọ̀nà. Ajá yìí ni igbá kejì rẹ̀ nínú ìtọ́jú Bàbá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Tẹ̀lémi kì í gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára bí kò ṣe ti Bàbá. Oúnjẹ Aránṣọ, ó ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ Aránṣọ, ó ń gbó o. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbìyànjú láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko tó wà lódì kejì ìlú. Kí wọ́n tó fi okùn sí i lọ́rùn tán, Bàbá ti fi igbe bọnu pé olè ń jí òun lájá, èrò pé lé wọn lórí, awakọ̀ takisí sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákun sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti wọlẹ̀.

Bí Aránṣọ ṣe dé láti ìpàdé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi gbé fóònù. Ó pe dókítà ajá kan tí wọ́n ní ó máa ń wá bá èèyàn nílé.

*

Ọjọ́rú ni dókítà náà dé. Obìnrin kúkurú kan ni, ojú rẹ̀ mọ́, alùpùpù ló gùn wá, ó sì so kúlà yìnyín kan mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà pẹ̀lú okùn rọ́bà mẹ́ta. Nígbà tó ká apá aṣọ sókè, àpá eyín ajá tò sí apá rẹ̀ bí ilà àbàjà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí," ló wí. "Oníbàárà mi dà?"

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ Dókítà, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá. Mo ti fi Bàbá sẹ́yìnkùlé, mo tan rédíò fún wọn. Bí wọn ò bá rí wa, wọn ò ní sọ nǹkan kan."

Dókítà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ajá náà. Ohun tó gbọ́ padà dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan. Aránṣọ gba ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí òun fi ìgbálẹ̀ ti ajá náà díẹ̀ ṣá. Tẹ̀lémi figbe ta. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ wà lókè.

"Olè!" Ó fi ọ̀pá náà lu férémù ilẹ̀kùn. "Olè ajá! Inú ilé mi lẹ wá bá mi!"

"Bàbá, kì í ṣe olè, dókítà ni..."

"Ẹ jáde! Ìyá ọmọ mi dà? Ẹ bá mi pè é, wọ́n fẹ́ jí ajá gbé!"

Dókítà dìde pẹ̀lẹ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí Bàbá lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ní ẹnu géètì, Aránṣọ ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó jalè lóòótọ́.

"Ẹ má bẹ̀ mí, Àǹtí. Wọ́n lé mi pẹ̀lú àdá lóṣù tó kọjá. Ọ̀pá sàn ju ìyẹn lọ." Ó ń so kúlà rẹ̀ padà. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé mọ́kànlélógún ló ṣì kù fún mi ní àdúgbò yìí nìkan. Mo máa padà lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun kan ni kí ẹ bá mi wá: ohun tá a máa fi bò ó lẹ́nu. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tín-ín-rín. Gbogbo èyí tí mo ní, yóò yọ́ bọ́ nínú wọn."

"Ṣé kí n rán an ni?"

Dókítà wo téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi."

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ilẹ̀ tó ṣú tán, ọkọ rẹ̀ pè láti ojú ọ̀nà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá ilé, ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń gbé sórí báyìí? Jẹ́ kí wọ́n mú un lọ. Bí mo bá dé, mo máa ra òmíràn fún Bàbá."

"Òmíràn wo? Ajá lẹ máa rà. Ọdún mẹ́rin tó fi mọ ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́, ọjà wo lẹ ti máa rà á?"

"O ò ṣáà lè dá ìjọba dúró."

"Ta ló ń dá ìjọba dúró? Ajá ni mo fẹ́ dá dúró, ìṣẹ́jú kan péré, kí wọ́n gún un."

Ọkọ rẹ̀ ò kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló já mọ́ ọn lẹ́nu. "Orí kunkun rẹ yìí!"

"Orí kunkun yìí náà lẹ rí kí ẹ tó fẹ́ mi, baálé mi. Ẹ wakọ̀ yín jẹ́jẹ́. Ajá yìí ò ní lọ síbì kankan."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó fa àpò ègé aṣọ rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá jíìnsì.

Wíwọn ẹnu ajá tí kì í gba ọwọ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ó gbé ẹran sínú agolo kan tó fẹnu há, nígbà tí Tẹ̀lémi ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó fi ojú sàmì sí ibi tí etí agolo náà dé ní imú rẹ̀. Ó wọn agolo. Ó gé jíìnsì, ó fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀ kó má bàa ha ajá náà nímú, ó fi ihò sí iwájú kó lè mí, ó sì fi bẹ́líìtì àpò ọmọ ilé ìwé kan so ẹ̀yìn rẹ̀. Àkọ́kọ́ tóbi jù. Èkejì dà bí fìlà ọmọ jòjòló. Ẹ̀kẹta ló bá a mu. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ń fi ẹran sí ìsàlẹ̀ nǹkan náà, ó ń gbé e sílẹ̀, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tí kò bìkítà. Ìgbà kejìlá, Tẹ̀lémi ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó jẹ ẹran rẹ̀, ó sì gbójú sókè pẹ̀lú jíìnsì lẹ́nu, ó ń wo Aránṣọ. Aránṣọ rọra kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó dè é. Ajá náà kùn, kò sá.

"Ó ku ẹ̀yin, Bàbá," ló wí lọ́kàn ara rẹ̀.

Ó sì ku Bàbá lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo nǹkan ń lọ bí ó ṣe yẹ. Ó ti Bàbá mọ́ yàrá, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó de ẹnu Tẹ̀lémi. Dókítà ti fa oògùn sínú síríǹjì, ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní awọ ẹ̀yìn ọrùn ajá náà, nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn. Kì í ṣe igbe olè lọ́tẹ̀ yìí. Ẹkún ni. Ẹkún àgbàlagbà tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi ti òun mọ́lé, tó ń bẹ ẹni tí kò rí pé kó jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn. Tẹ̀lémi gbọ́ ọ, ó sì dà bíi pé iná gbé e. Ó ta dìde, ó gbá Dókítà mọ́ ògiri, síríǹjì fò lọ, oògùn dà sílẹ̀. Ajá náà lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá náà, ó ń fi èékánná họ ọ́.

Aránṣọ ṣílẹ̀kùn. Kò lè wo ojú Bàbá.

"Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la," ni Dókítà wí, ó ń fi òwú nu ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tó bó. "Ìgò kan ló ṣẹ́kù nínú yìnyín fún ilé yìí, mo ti fi pamọ́. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì wọ́n mọ́lé mọ́. Mi ò lè fún abẹ́rẹ́ nínú irú ẹkún yẹn."

*

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Yẹ̀rì kan wà níbẹ̀ tí oníbàárà ń retí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́. Ó ń tẹ ẹ̀rọ náà, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe gún un nìyẹn, wẹ́rẹ́, ó wọ èékánná ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ lọ. Ó kígbe. Ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ.

Bàbá tó ti jókòó jẹ́ẹ́ lójú fèrèsé dìde. Ó wá, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Kì í ṣe ojú ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù mọ́.

"Ìka ò fọ́," ló wí. "Abẹ́rẹ́ náà dá sínú rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Jẹ́ kí n rí abẹ́rẹ́ náà." Ó wò ó, ó rí i pé ó pé. "Ó dáa. Lọ fọ ọwọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọṣẹ àti omi. Má fẹnu fà á, ẹnu kì í ṣe oògùn."

Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, Bàbá ti mú ègé aṣọ funfun kan, ó ti ya á gbọọrọ gẹ́gẹ́ bó ṣe tọ́. Ó wé ìka náà, kò le jù, kò dẹ̀ jù, ó sì ta kókó kékeré kan sí i tí Aránṣọ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti fi ń di òwú, ò lè ta bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo lo gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn?"

"Ó... ó máa tó ọdún mẹ́fà, Bàbá."

"Kò burú. Wá lọ́jọ́ Ajé kí n wò ó."

Ó padà sójú fèrèsé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi béèrè pé níbo ni ìyàwó òun lọ. Ṣùgbọ́n Aránṣọ ò tíì kúrò lójú kan. Ó ń wo ìka rẹ̀. Láti Ọjọ́rú, ó ti ń lo ọgbọ́n lójú Bàbá, ó ń tì í sẹ́yìnkùlé, ó ń tì í mọ́ yàrá, bí ẹni pé òun ni ìdènà. Ilé tí abẹ́rẹ́ fẹ́ wọ̀, ọ̀gá abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ń lé jáde níbẹ̀!

Ó gbé fóònù. "Dókítà, bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́la, ẹ má wọlé. Ẹ dúró sẹ́nu géètì, kí ẹ sì béèrè Nọ́ọ̀sì Àgbà."

*

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ò dáa. Bàbá jí, ó wo Aránṣọ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni ìyàwó ọmọ yín, Bàbá."

"Ọmọ mi ò tíì láya."

Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í fẹ́ jẹun, kì í fẹ́ gbọ́. Ọkàn Aránṣọ fẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ó rò ó pé kí òun pe Dókítà pé kó má wá mọ́. Lẹ́yìn náà ó rò ó pé bí òun ò bá pè é, agogo méjìlá ò ní torí ìyẹn má lù. Ó wá ẹ̀wù funfun kan tí Bàbá fi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí kọ́là rẹ̀ ti ń ya, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó gbé e fún Bàbá. Bàbá wọ̀ ọ́, ó sì de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ láìfo ọ̀kan.

Agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá díẹ̀, alùpùpù dúró níta.

"Ẹ káàárọ̀ o!" Ohùn Dókítà ni. "Wọ́n ní Nọ́ọ̀sì Àgbà ń gbé níbí?"

Bàbá jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó fojú kan obìnrin náà, kò sì sí àmì kankan pé ó rántí olè ọjọ́sí. "Ta ló ń béèrè rẹ̀?"

"Èmi ni, sà." Dókítà kúnlẹ̀ níta géètì níbẹ̀, ó kí i. "Mo ní abẹ́rẹ́ tí mo fẹ́ fún aláìsàn kan, mi ò sì rẹ́ni bá mi dì í mú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kùnà."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́rin, sà."

"Ó ń bẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù ń bà á gan-an."

"Gbogbo wọn ni." Bàbá ṣí géètì fúnra rẹ̀. "Jẹ́ kí n rí yìnyín rẹ."

Ó ṣí kúlà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan yìnyín, ó mú ìgò kékeré náà, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ń ka ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó padà gbé e sínú yìnyín kíá. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fọ ọwọ́, ó fọ àárín ìka kọ̀ọ̀kan, ó fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wo Dókítà.

"Ọwọ́ tìrẹ ńkọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́ kí n tó kúrò ní..."

"Lójú ta ni?"

Dókítà lọ fọ ọwọ́, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. "Àgbà ò tán láyé," ló sọ sí Aránṣọ létí bó ṣe ń kọjá.

"Aláìsàn dà?" ni Bàbá béèrè.

Ibẹ̀ ló ti le. Tẹ̀lémi jáde láti abẹ́ àga, ó ń ju ìrù sí Bàbá. Bàbá dúró. Ó wo ajá náà, ó wo kúlà, ó wo àwọn obìnrin méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pá rẹ̀.

"Ajá mi nìyí."

Irọ́ wà lẹ́nu Aránṣọ, ó ti ṣetán. Ó gbé e mì. Ó súnmọ́ Bàbá, ó kúnlẹ̀ kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe mẹ́rin.

"Ajá yín ni, Bàbá. Mi ò ní tàn yín jẹ mọ́. Dìgbòlugi wọ àdúgbò wa. Ó ti bu káfíńtà jẹ. Bí Tẹ̀lémi ò bá gba abẹ́rẹ́ lónìí, wọ́n máa wá mú un lọ ní ọ̀sán yìí. Ẹ̀yin nìkan ni kì í bù jẹ."

"Dìgbòlugi," ni Bàbá wí. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá bá mi nígbà kan. Ajá ti bù ú jẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ní kékeré ni, àwọn ò kà á sí. Mo gbé omi fún un kó mu, ó kígbe. Omi lásán ló ń bà á lẹ́rù." Ó mi orí. "Mi ò rí nǹkan kan ṣe fún un. Kò sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe mọ́."

Tẹ̀lémi jókòó lé ẹsẹ̀ Bàbá.

"Kí lẹ wá ń dúró wò?" ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ le. "Ṣé bí agogo ṣe ń lọ lẹ ń wò ni?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Aránṣọ gbé jíìnsì náà fún un. Ó yí i wò, ó fa ojú rírán rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ gidi," ó sì fi dé ajá náà lẹ́nu bí ẹni dé fìlà fún ọmọ. Ó ki ọwọ́ kan yí àyà rẹ̀ ká, ó fi èkejì gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ó fẹnu sí i létí. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, Aránṣọ ò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ni.

"Wo ẹyẹ lókè yẹn. Ó ń kọ́lé. Kí ló gbé lẹ́nu? Koríko ni. Ọ̀kan nìyẹn. Ó tún ń bọ̀. Èjì nìyẹn..."

Ojú Tẹ̀lémi lọ sókè lóòótọ́, níbi tí kò sí ẹyẹ kankan. Dókítà, tó ti fa oògùn sínú síríǹjì, ká awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó tì í, ó fà á yọ. Ara ajá náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí omi tútù kán sí lára.

"Ẹ̀ta," ni Bàbá wí. "Ó ti parí ilé rẹ̀."

Aránṣọ ò mọ̀ pé òun ti di etí aṣọ òun mú, àfìgbà tó rí i pé ó ti rún.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Bàbá sọ fún Dókítà, ó ń tú ẹnu ajá náà. "Abẹ́rẹ́ tí a ò bá kọ sílẹ̀, a ò tíì fún un."

Dókítà kọ ọ́ sínú káàdì: orúkọ, ọjọ́, nọ́ńbà ìgò. Ó so okùn pupa kan mọ́ Tẹ̀lémi lọ́rùn, kí ẹni tó bá rí i lókèèrè lè mọ̀.

*

Bí agogo méjìlá ọ̀sán ṣe lù ni ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọ àdúgbò, àhámọ́ onírin wà lẹ́yìn rẹ̀. Alága ló ṣíwájú, ìwé lọ́wọ́, ó ń sàmì sí ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé géètì Aránṣọ, ó ti fajú ro bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Ìyàwó, má bínú. Gbogbo wa la gbọ́ ariwo àná. Bó o bá máa mú un jáde fúnra rẹ..."

Aránṣọ na káàdì sí i.

Alága kà á. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Ta ló dì í mú?"

"Wọ́n wà níbẹ̀ yẹn, sà."

Bàbá ló dúró nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ̀wù funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wo Alága tìṣọ́ratìṣọ́ra. "Ìwọ lo kàn?" ló béèrè. "Má dúró sójú oòrùn. Wọlé, kó o ká apá aṣọ rẹ sókè."

Ṣọ́jà àtijọ́ náà sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. "Rárá o, sà! Mo... mo ti gba tèmi, sà!"

Awakọ̀ ọkọ̀ ìjọba gbá orí mọ́ sítíárìn, ó ń rẹ́rìn-ín débi tí fèrè ọkọ̀ fi ké. Alága sàmì sí ìwé rẹ̀ kíákíá, ó sì sáré kọjá sí ilé kejì. Ajá mẹ́ta péré ni ọkọ̀ náà rí kó ní gbogbo títì náà, kò sì sí olówó tó jáde wá jẹ́wọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Nígbà tí Dókítà parí àwọn ilé tó kù, ó yà wá, ṣùgbọ́n kò lè dúró jẹun. Àdúgbò tó kàn ń retí rẹ̀. Kó tó dé àṣíborí rẹ̀, ó bẹ Aránṣọ pé kó bá òun rán irú jíìnsì yẹn sí i, oríṣi ìwọ̀n mẹ́fà, nítorí ẹnu ajá ò dọ́gba. Aránṣọ ní kó lọ kó ìwọ̀n wọn wá, ó sì fi agolo kan há a lọ́wọ́, ó júwe bó ṣe máa lò ó.

Ọkọ rẹ̀ pè, ó gbọ́ bó ṣe lọ. "Bàbá mi ló ṣe ìyẹn?" ló béèrè. "Bàbá mi yìí?"

"Bàbá yín yìí."

"Fún wọn ní fóònù." Ṣùgbọ́n oorun ti gbé Bàbá lọ lórí àga, Aránṣọ ò sì jí i.

Oòrùn ti rọlẹ̀ kó tó jí. Ó na ọwọ́ sí orí Tẹ̀lémi, ìka rẹ̀ kan okùn lọ́rùn ajá náà, ó dúró.

"Ta ló so nǹkan pupa mọ́ ajá mi lọ́rùn?"

"Ó gba abẹ́rẹ́ ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ dì í mú."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, sà." Aránṣọ sọ ọ́ fún un: yìnyín, ìgò tó kà sójú oòrùn, Alága tó fẹ́ sá fi bàtà sílẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín dáadáa. Kí wọ́n tó tan iná, ó tún bi í. Aránṣọ tún sọ ọ́. Nígbà tó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, Aránṣọ ti ń gé jíìnsì, ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí Dókítà fi fóònù ránṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún láti àárọ̀. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ àga Bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìyọ ohunkóhun sílẹ̀.